Láti Yunifásítì Dé Ilé Ẹ̀kọ́ Dókítà Ẹranko ní Amẹ́ríkà: Ọ̀nà Wo Ni Kí O Yàn?

Ní Amẹ́ríkà, èèyàn kì í ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko. Yunifásítì lo máa kọ́kọ́ lọ, ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ń lò níbẹ̀, kí wọ́n tó lọ lo ọdún mẹ́rin mìíràn láti gba DVM, ìyẹn oyè dókítà ẹranko. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ohun tó máa gbé e wọlé tàbí tó máa dá a padà, ó sì máa ń yàn án láìsí ẹni tó jókòó ṣàlàyé fún un. "Pre-vet" tí gbogbo èèyàn ń pè kì í ṣe dìgírì ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó ń múra ni, pẹ̀lú olùdámọ̀ràn kan tí o lè má rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní sáà kan.

Dókítà ẹranko ni mí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gba kílíníìkì wa kọjá, mo sì ti kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọn ò rí wọlé kì í ṣe olódo. Ohun tí orúkọ rẹ̀ bá ti jọ ti ẹran jù ni wọ́n ń yàn, wọn ò bi ara wọn léèrè pé: ṣé màá lè ṣe èyí dáadáa? Ṣé ẹnì kan máa mọ̀ mí níbẹ̀ débi tó fi lè jẹ́rìí mi? Àbúrò mi, ìbéèrè méjèèjì yìí ni màá fi wọn gbogbo ohun tí mo bá mú wá síwájú rẹ.

Animal Science, bàọ́lọ́jì, àbí nǹkan mìíràn pátápátá?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko kì í sọ pé dìgírì báyìí ni kí o gbà. Púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ní kí o parí dìgírì kankan, tí o bá ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n là sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wọlé ló ti gbà á. Nítorí náà, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yíyàn yìí kàn.

Animal Science jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn: oúnjẹ wọn, bí wọ́n ṣe ń gùn, bí wọ́n ṣe ń bí, bí a ṣe ń bójú tó agbo ńlá. Àwọn yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sábà máa ń ní oko tiwọn, débi pé kí ọdún kìíní rẹ tó parí, o lè ti dúró ti àgùntàn tó ń rọbí lóru. Kílíníìkì ò lè fún ọ ní irú ìyẹn. Àmọ́ ewu kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti rí ẹni tó kó sí. Kọ́ọ̀sì yìí máa ń pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan: ti òwò, ti iṣẹ́ oko, ti sáyẹ́ǹsì. Tí o bá wọ ti òwò láìbéèrè, o lè gboyè jáde láìṣe organic chemistry, láìṣe físíìsì, láìṣe bayokẹ́mísìrì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ò ń lé sábà máa ń béèrè.

Bàọ́lọ́jì ní tirẹ̀ ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè sínú. O ò ní máa wá àfikún kiri. Bí ọkàn rẹ bá yí padà, ilẹ̀kùn mìíràn ṣí sílẹ̀: ìwádìí, iṣẹ́ oògùn, ìtọ́jú ìlera èèyàn. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì ńlá, yàrá ẹ̀kọ́ tó kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ lo máa jókòó sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lépa àtidi dókítà èèyàn, gbogbo wọn ló sì ń du A kan náà. O lè lo ọdún mẹ́rin láìfọwọ́ kan ẹran kan tó ń mí. Olùkọ́ rẹ sì lè má mọ orúkọ rẹ.

Ẹni tó kọ́ kẹ́mísìrì, ìṣirò tàbí ìtàn náà ń wọlé. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì wọ̀nyẹn máa jókòó lé orí ti dìgírì rẹ̀, sáà kan tàbí méjì àfikún sì ń náni lówó.

Ní tèmi, tí o kò bá ti sún mọ́ màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ rí, tí yunifásítì rẹ sì ní oko, yan Animal Science, kí o gba ọ̀nà ti sáyẹ́ǹsì. Tí o bá ti dàgbà sínú oko, bàọ́lọ́jì ló máa fún ọ ní ohun tí o kò ní. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé dìgírì tó le ń buyì kún máàkì tí kò dára. Máàkì rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ṣírò GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì, gbogbo kọ́ọ̀sì, wọ́n á ya ti sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀, àwọn mìíràn á tún wo kìrẹ́díìtì 45 tó gbẹ̀yìn nìkan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ti gba ọ̀pọ̀ tó fẹsẹ̀ kọ ní ọdún kìíní là.

Nípa àwọn kọ́ọ̀sì fúnra wọn, àkọsílẹ̀ kò dọ́gba. Bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, organic chemistry, bayokẹ́mísìrì, físíìsì àti sìtàtísíìkì ló wọ́pọ̀ jù. Ibì kan á fi jẹnẹ́tíìkì kún un, ibòmíràn á fi maikirobàọ́lọ́jì, ìmọ̀ oúnjẹ ẹran, tàbí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. UC Davis ní California, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè fisiọ́lọ́jì, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè má mẹ́nu kàn. Ní ọdún kejì rẹ, mú ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kọ orúkọ wọn sórí ìwé kan, kí o to kọ́ọ̀sì wọn sí abẹ́ ara wọn. Ọmọ kan tí mo mọ̀ kò ṣe èyí. Oṣù kan péré ló kù kí wọ́n ti ìwé ìwọlé nígbà tó rí i pé kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ku òun kù fún ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ òun. Odindi ọdún ló fi dúró de kọ́ọ̀sì yẹn.

Yunifásítì ńlá, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, àbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú?

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Yunifásítì tó ní ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko nínú ọgbà rẹ̀ dára, torí ilé ìwòsàn ẹran wà nítòsí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń múra wà, àwọn dókítà sì ń wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ pé o kàwé níbẹ̀ kò sọ pé wọ́n máa gbà ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú ṣáájú ni kó wo ètò bíi ti Mississippi State tàbí Kansas State, tí wọ́n ń bá ọmọ tó ń parí girama ṣe àdéhùn àyè, bí máàkì rẹ̀ kò bá ti já wálẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kì í sábà ní oko tàbí ilé ìwòsàn ẹran, ṣùgbọ́n olùkọ́ kẹ́mísìrì rẹ máa mọ̀ bí ara rẹ kò bá yá. Nígbà lẹ́tà ìjẹ́rìí, ohun ńlá nìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú tí wọ́n ń lò fún ọdún méjì àkọ́kọ́ ni àwọn òbí wa máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti yunifásítì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko ló sì ń gba bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó ga bíi bayokẹ́mísìrì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó jẹ́ ti yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Ẹ ti mọ iye gbèsè tó ń dúró dè wọ́n níwájú. Owó tí ẹ bá fi pamọ́ níbí ò ní ṣòfò.

Wákàtí lọ́dọ̀ ẹran: kílíníìkì, oko, ibùdó ẹran tí kò ní ẹni tó ń sìn ín, àbí láàbù?

Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà jù, torí ibí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù.

VMCAS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi ń gba ìwé ìwọlé, pín wákàtí rẹ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí dókítà ẹranko ń ṣọ́ ọ ṣe ni wọ́n ń pè ní ìrírí ìṣègùn ẹran. Èyí tí kò sí dókítà níbẹ̀, bíi kí o máa fún màlúù ní oúnjẹ, kí o máa kọ́ ajá níwà, kí o máa tọ́jú ẹṣin, ìrírí pẹ̀lú ẹran lásán nìyẹn. Ìwádìí tún ní àyè tirẹ̀. Tí o bá ka ti oko mọ́ ti dókítà, wọ́n máa mọ̀, ìwé rẹ á sì di èyí tí wọ́n ń fura sí. Ajá tí ẹ ń sìn nílé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò nínú àkọsílẹ̀ yìí, kódà bí o bá fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Kílíníìkì ajá àti ológbò ló rọrùn láti rí jù, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn ń lọ. Ó dára, torí o máa rí oríṣi àìsàn púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan, o sì máa rí ohun tí ìwé ò lè kọ́ ọ: ojú ẹni tí a sọ iye iṣẹ́ abẹ fún tí kò lówó lọ́wọ́, àti bí yàrá ṣe máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti fún ajá arúgbó ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá tíì dúró sínú yàrá yẹn kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń tọrọ.

Dókítà tó ń lọ sí oko ṣòroó tẹ̀ lé. Ilẹ̀ kò tíì ní mọ́ kí ẹ tó gbéra, ẹ máa wakọ̀ jìnnà, ìgbẹ́ màlúù á sì dé irun orí rẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, ìwọ àti dókítà nìkan ni fún wákàtí bíi mélòó kan, kò sì sí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti béèrè ìbéèrè. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko kò tó ní Amẹ́ríkà, débi pé ètò VMLRP ti ìjọba àpapọ̀ ń bá ẹni tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta níbi tí wọn ò ti ní dókítà tó san lára gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní wákàtí oko nínú ìwé rẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ tó jẹ́ ajá àti ológbò nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ibùdó ẹran tí kò ní ẹni tó ń sìn ín rọrùn láti wọ̀, wọ́n ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́ nígbà gbogbo. Kọ́kọ́ béèrè bóyá dókítà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Níbi tí dókítà bá wà, o lè rí ogún ológbò tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n má bàa bímọ mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Níbi tí kò bá sí, ilẹ̀ lo máa fọ̀, ajá lo máa mú rìn, ìrírí ẹran lásán sì ni.

Láàbù ni àwọn èèyàn ń gbàgbé. Kì í ṣe ọ̀ranyàn. Tí o bá ń ro iṣẹ́ ìwádìí, ìlera àwùjọ tàbí àìsàn tó ń ti ara ẹran ran èèyàn, ọdún kan níbẹ̀ máa ṣe ọ́ lóore ju kílíníìkì kejì tàbí ẹ̀kẹta lọ. Tí kò bá sí nínú rẹ, má fi ipá wọ̀ ọ́.

Wákàtí mélòó ló tó? UC Davis sọ ní tirẹ̀ pé ó kéré tán kó jẹ́ 180 wákàtí ìṣègùn ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé ní ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àmọ́ iye kọ́ ni mo fẹ́ kí o máa sáré lé. Wo èyí.

Ọmọbìnrin kan wá sí kílíníìkì wa ní ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àhámọ́ ajá ló ń fọ̀, aṣọ ìnura ló ń ká. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ológbò ọlọ́dún 16 kan wá tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. A fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ nínú wa di í mú ṣinṣin. Bó ṣe ń dì í mú sí i ni ológbò náà ń jà sí i. Ọmọ náà rọra béèrè pé ṣé òun lè gbìyànjú. Ó da aṣọ ìnura bò ó lójú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, ó sì tú ọwọ́ tí wọ́n fi fún un lọ́rùn. Ológbò náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Mo fa mìlílítà méjì, ó parí. Oṣù mẹ́ta tó fi ń fọ àhámọ́ ló fi kọ́ èyí, torí ó ti ń wo ojú àwọn ológbò wọ̀nyẹn lójoojúmọ́. Nígbà tí mo ń kọ lẹ́tà rẹ̀, ológbò yẹn ni mo kọ síbẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ọmọ mìíràn wá dúró tì wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti ṣe irú rẹ̀ ní kílíníìkì mẹ́jọ. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè kọ ju pé ó máa ń tètè dé lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ olówó oṣù lọ̀ ọ́ ní kílíníìkì kan, kódà kó jẹ́ ti fífọ ilẹ̀, tí ìkejì rẹ̀ sì jẹ́ kí o máa káwọ́ sẹ́yìn wo dókítà ńlá kan láìfọwọ́ kan nǹkan, gba iṣẹ́ náà. Dúró síbẹ̀ ọdún kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ibi méjì tó yàtọ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ojú rẹ lè là sí i. Ra ìwé kékeré kan lónìí, kí o máa kọ ọjọ́, wákàtí, irú ẹran, orúkọ dókítà àti ohun tí o rí sínú rẹ̀. Ní ọdún méjì sí i, VMCAS máa bi ọ́ ní gbogbo rẹ̀, orí kò sì ní rántí.

Lẹ́tà: ọ̀jọ̀gbọ́n olórúkọ àbí ẹni tó mọ̀ ọ́?

Ẹni tó mọ̀ ọ́. VMCAS ń fẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ó kéré tán, wọn kì í gbà ju mẹ́fà lọ, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì fẹ́ kí ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé, "Ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà tó lágbára fún mi?" Tí ó bá ń ṣe tìkọ̀, dúpẹ́, kí o wá ẹlòmíràn.

Kí o lọ tààrà, àbí kí o dúró ọdún kan?

Ìwé ìwọlé VMCAS máa ń ṣí ní January, wọ́n sì máa ń tì í ní September, fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ lọ tààrà gbọ́dọ̀ ti kó gbogbo nǹkan jọ kó tó wọ ọdún kẹrin. Tí máàkì rẹ bá dúró dáadáa, tí dókítà kan sì mọ̀ ọ́, lọ. Bí ọdún kẹta bá bá ọ nínú ìdààmú, dúró. Ọdún kan tí o fi ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì, tí o fi tún kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ṣe, kì í ṣe ọdún tó sọnù. Àwọn tó dúró bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí yé, ó sì máa ń hàn nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní ti ìdánwò GRE tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣáájú yín, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti pa á tì. Yẹ tìrẹ wò kí o tó náwó lé e.

Ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ rẹ, ti ìpínlẹ̀ mìíràn, àbí ti erékùṣù?

Ọ̀rọ̀ owó la dé yìí o. Lára àwọn tó ń yáwó kàwé yìí, ìpíndọ́gba gbèsè wọn nígbà tí wọ́n bá jáde ju 150,000 dọ́là lọ. Láfikún, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2025 ti fi òpin sí iye tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó lè rí gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti July 1, 2026: 50,000 dọ́là lọ́dún, 200,000 dọ́là lápapọ̀. Tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ̀ báńkì aládàáni lo máa yá ìyókù, èlé wọn sì le.

Ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ rẹ ni kí o kọ́kọ́ wò. Owó rẹ̀ kéré fún ọmọ ìpínlẹ̀, ó sì máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn. Ìpínlẹ̀ tí kò ní ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko lè ní àdéhùn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tó ní. Ètò WICHE ń ṣe èyí ní ìwọ̀-oòrùn, SREB ń ṣe é ní gúúsù. Ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn àti ti aládàáni kò burú, àmọ́ owó wọn sábà máa ń ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ, ọdọọdún lo sì máa san àlékún náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo fẹ́ dárúkọ Tuskegee ní Alabama, tó ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko láti 1945, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn dókítà ẹranko aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti jáde. Tí o bá fẹ́ kàwé níbi tí ìwọ nìkan kò ti ní máa dá dúró nínú kíláàsì, wò ó dáadáa.

Ross ní St. Kitts àti St. George's ní Grenada ni erékùṣù tí mo ń sọ. AVMA, tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àwọn méjèèjì. Wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ọdún tó kẹ́yìn sì máa ń jẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹran ní Amẹ́ríkà tàbí níbòmíràn tí wọ́n bá ní àdéhùn. NAVLE, ìdánwò ìbéèrè 360 tí gbogbo ẹni tó ń jáde ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, òun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mo bá irú wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n mọṣẹ́. Àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n, wíwọlé tó rọrùn díẹ̀ kò sì mú kí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rọrùn. Má lọ síbẹ̀ torí pé ìpínlẹ̀ rẹ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó jẹ́ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wà ní Amẹ́ríkà kò lè yáwó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í sì gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà tàbí olùgbé tó ní káàdì. Kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù tàbí kọ ìmeèlì sí wọn láti béèrè, kí o tó san owó ìwé ìwọlé.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbà láti bá ẹni tí wọn kò mú wo ìwé rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Béèrè. Ọmọkùnrin kan lára àwọn tiwa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé máàkì rẹ̀ dára, lẹ́tà rẹ̀ dára, àmọ́ kò sí ẹran kan nínú ìwé rẹ̀ tó ga kọjá orúnkún. Ó lọ gba iṣẹ́ ní oko màlúù oníwàrà, aago mẹ́rin ìdájí ló ń débẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ òun ni kí òun fún ìfúnpọ̀ wàrà mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú ife kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, kí òun gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí òun wò ó bóyá ó dì. Bí ó bá dì, ọmú yẹn ń ṣàìsàn, wàrà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ti àwọn yòókù. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú bí òun ṣe fẹ́ràn ẹran láti kékeré. Ife dúdú yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀.